Ọ̀gá Mi Joyè ní Ṣọ́ọ̀bù Gbàjámọ̀

Ilẹ̀ ni mo ń gbá, irun ni mo ń kó, ní ṣọ́ọ̀bù gbàjámọ̀ kan ní Peckham. Ará Gánà ni ọ̀gá mi, ọmọ ẹ̀yà Ewe. Mi ò kàwé púpọ̀, ojú sì máa ń tì mí láti sọ̀rọ̀, nítorí náà iṣẹ́ yẹn bá mi lára mu, àfìgbà tí ẹgbẹ́ àwọn ará ìlú rẹ̀ ní London fi í joyè.

Ó gbé àpótí onígi kan wá síwájú dígí, orí rẹ̀ ló ń jókòó. Lọ́dọ̀ tiwọn, a kì í bá olóyè sọ̀rọ̀ tààrà. Agbẹnusọ wà, tsiami ni wọ́n ń pè é, òun ló ń gba ọ̀rọ̀, òun ló ń dá èsì padà. Àṣà tó dára ni, láàfin. Ọ̀gá mi gbé e wá síbi tí kò tó yàrá méjì, ó fi ọ̀kan nínú àwọn tó ń gẹrun ṣe tsiami. Bí oníbàárà bá kí i pé ẹ káàárọ̀, tsiami á gbé kílípà sílẹ̀, á tún un sọ fún ọ̀gá mi. Ọkùnrin tí etí rẹ̀ ò di!

Màmá mi ní àyẹ̀wò ojú ní ọsibítù ní Camberwell, láago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Ojú kan ló kù tí wọ́n fi ń ríran, wọn ò sì lè dá wọ bọ́ọ̀sì. Ní Ọjọ́rú, mo sọ fún tsiami.

"Olóyè, ọmọ yìí fẹ́ mú ìyá rẹ̀ lọ sí ọsibítù lọ́la."

Ọ̀gá mi sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Olóyè ní àwọn ti gbọ́. Àwọn àgbà máa jókòó lé e lórí ní Sọ́ńdè."

"Sọ́ńdè kẹ̀? Ọ̀la ni mo wí o, Uncle."

"Olóyè kì í dá pinnu. Bá a ṣe ń ṣe é nílé nìyẹn."

Ìyá àgbà kan, ará Ewe bíi tiwọn, tí wọ́n ń dúró de ọkọ wọn, bú sẹ́rìn-ín, wọ́n yíjú sí ọ̀gá mi.

"Nílé wo? Ọ̀rọ̀ ìlú là ń gbé síwájú àgbà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbálẹ̀! Ìwọ ọmọ yìí, àwọn tó fi ọ́ joyè lè rọ̀ ọ́ lóyè o."

Tsiami wolẹ̀. Mo fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, mo kọjú sí olóyè fúnra rẹ̀.

"Mi ò ní wá lọ́la, sà."

"Ta ló máa wá gbálẹ̀?" Ẹnu ara rẹ̀ ló fi pariwo.

"Kẹ́ ẹ bi àwọn àgbà, sà."

Nígbà tó fi máa di aago mẹ́sàn-án ọjọ́ kejì, èmi àti màmá mi ti jókòó ní ọsibítù. Ọ̀gá mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò gbé e.