Orúkọ Tí Mo Sọ Ajá Mi

Ní ìlú wa, orúkọ ajá la fi ń sọ ọ̀rọ̀ tí ẹnu ò lè sọ. Nígbà tí Alájà, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ilé wa jọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní Kubwa l'Ábùjá, bi mí níwájú mai ruwa tó ń ta omi fún wa pé ṣé ọkọ mi ò ní í wálé mọ́ ni, ajá ni mo fi dá a lóhùn. Mo lọ mú ọmọ ajá dúdú kan wá, mo sì sọ ọ́ ní Kò-kàn-yín. Mo tilẹ̀ bọ̀wọ̀ fún àgbà. Mi ò kúkú sọ ọ́ ní Kò-kàn-ọ́. Nírọ̀lẹ́, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, màá dúró lẹ́bàá ògiri tó là wá láàárín, màá máa pe ajá náà kíkankíkan. Ó máa ń dùn mọ́ mi.

Ajá náà ò dàgbà bó ṣe yẹ. Bó bá sáré díẹ̀, á dùbúlẹ̀, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Alájà ló kọ́kọ́ rí i. Ó yọjú lórí ògiri, ó ní ahọ́n ajá yìí máa ń dúdú bó bá ti sáré, kí n gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dípò kí n dúpẹ́, ajá ni mo kọjú sí.

"Kò-kàn-yín, ó yá, wọlé."

Alájà fà sẹ́yìn lórí ògiri. Ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí níbi iṣẹ́ pé ajá ti dákú. Obìnrin tí kì í jẹ́ kí ajá fara kan aṣọ òun nítorí ìrun tó ń kí ló fi ìró ara rẹ̀ wé e, tó gbé e wọ kèké lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Ìgbà tí mo fi débẹ̀, dókítà ti gbọ́ àyà ajá náà tán. Ó ní ihò wà nínú ọkàn rẹ̀, inú ìyá rẹ̀ ló ti gbé e wá. Ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì gba afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sí ara. Òògùn lè mú un pẹ́ díẹ̀, bí kò bá ti ń sáré, ṣùgbọ́n ihò náà ò ní í dí.

Ó wá fa káàdì yọ, ó béèrè orúkọ ajá. Ilẹ̀ ni mò ń wò.

"Kò-kàn-yín ni wọ́n ń pè é, dókítà." Alájà ló dáhùn, irun ajá ṣì wà lára búbà rẹ̀.

Ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ni dókítà, orúkọ náà yé e. Ó wo Alájà, ó wò mí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè sọ fún Alájà pé ẹ ṣeun.

Ìgbà tí a délé ni mo tó kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n dìde, ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn náà ò yẹ lẹ́nu òun. Ó gba kọ́kọ́rọ́ ilé mi, ó ní òun á máa fún ajá ní òògùn ọ̀sán.

Mo gbìyànjú láti yí orúkọ náà padà. Mo pè é ní Ìfẹ́ títí, kò tilẹ̀ gbórí. Ti àkọ́kọ́ nìkan ló ń jẹ́.

Ní Sátidé tó kọjá, Alájà rò pé mo ti jáde. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú ọgbà: "Kò-kàn-yín, ọmọ dáadáa, rọra máa bọ̀. Má sáré." Ajá náà dìde, ó ń rọra lọ bá a. Mo dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò lè jáde.