Ọwọ́ Tó Ń Tan Mítà Jẹ

Bí ẹ bá rí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin níbi tó ti ń tún rédíò ṣe, ẹ ó rò pé ìjà ló ń bá wọn jà. Ogún ọdún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, kò sì gbà kí ẹ̀rọ kankan borí òun. Èmi aránṣọ ni mo ni apá kejì ṣọ́ọ̀bù, mo ń rán aṣọ, mo ń fi agídí rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ti màmá wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rọ ni màmá fi ń mí. Bí iná bá lọ, bátìrì ló ń gbé e, ẹ̀gbọ́n mi sì ti so aago kan mọ́ bátìrì náà, tó yẹ kó dún bí agbára bátìrì bá ti ku fólítì mọ́kànlá, ká lè sáré tan jẹnẹrétọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, iná lọ, aago ò dún, ẹ̀rọ kàn dákẹ́ ni. Ká tó dé yàrá, ètè màmá ti dúdú. Mo sáré tan jẹnẹrétọ̀ kó tó tún máa mí dáadáa.

"Kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Láéláé!"

Ó ṣàlàyé fún mi. Aago náà kò lè gbà ju fólítì mẹ́wàá lọ, bẹ́ẹ̀ méjìlá ni bátìrì. Ìdí nìyẹn tó fi to rẹsítọ̀ méjì, àwọn nǹkan kékeré tó ń dín agbára iná kù, tẹ̀léra, kí wọ́n pín agbára náà, kí ìdá méjì nínú mẹ́ta dé ọ̀dọ̀ aago. Iye ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ti òkè géérégé. Bó bá fi díẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, aago á máa rò pé bátìrì ṣì kún.

Ó da àwọn rẹsítọ̀ tó tú lára rédíò àtijọ́ sórí tábìlì. Àwọ̀ ara wọn tó ń fi iye wọn hàn ti ṣí, mítà tó ń wọn iná nìkan ló lè sọ ọ́. Ó ń wọ̀n wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń fi ìka di orí méjèèjì mọ́ ẹnu mítà. Ó rí méjì tí ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì èkejì, ó so wọ́n, aago ṣì ń purọ́. Ó tú u, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Mo ní kó sinmi, ó ní kí n panu mọ́.

Inú bí mi, mo dìde lọ wò ó. Òógùn ti bo ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, tí mo bá ń wọn aṣọ tó ń fà, mi ò kì í fọwọ́ fà á. Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń wọn ọwọ́ yín mọ́ ọn?"

Ó wò mí. Ó gbé rẹsítọ̀ sórí pákó gbígbẹ, ó fi kílíìpù gbá a mú, ó yọwọ́. Nọ́ńbà fò sókè.

"Yéè! Ogún ọdún! Èmi òpònú yìí!"

Ara èèyàn pàápàá máa ń jẹ́ kí iná díẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, mítà á sì ka iye tó kéré. Ó sì ti mú àwọn rẹsítọ̀ tí iye wọn ga gan-an kí wọ́n má bàa fa bátìrì gbẹ, àwọn yẹn gan-an sì ni ìka lè tàn jẹ. Ó tún gbogbo wọn wọ̀n láìfọwọ́ kàn wọ́n, ó yan méjì mìíràn, ó sì so wọ́n.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, a fẹ́ pa iná dán an wò. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ kọ́kọ́ yọ màmá kúrò lára ẹ̀rọ.

"Má yọ mí," ni màmá wí. "Bó o bá gbà pé iṣẹ́ ẹ dáa, fi mí sílẹ̀ síbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi pa iná. Ó jókòó ti bẹ́ẹ̀dì, mo tan jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ níta láì tíì so ó mọ́ ẹ̀rọ. Nọ́ńbà mítà tó fi sára bátìrì ń sọ̀ kalẹ̀. Bó ṣe kan mọ́kànlá, aago han gooro. Ẹ̀rọ ò dákẹ́, màmá ṣì ń mí.

"Ó ti tó, ẹ pa á, etí mi ò!" ni màmá ń pariwo.

Ẹ̀gbọ́n mi ò lè dìde. Orí ẹsẹ̀ màmá ló gbórí lé, tó ń sunkún bí ọmọdé, èmi ni mo lọ pa aago.