Búlọ́ọ̀kù Tí A Fi Yí Ìyá Ká

Ìyá mi ní àwọn kò ní kúrò nínú ilé amọ̀ àwọn, ì báà ṣe ọjọ́ kan péré. Àbúrò mi ọkùnrin, tó ń ta pákó ní Òrè, ti gba yàrá sílẹ̀ fún wọn níbẹ̀, kí a lè wó ilé amọ̀ náà ní Odìgbò, kí a sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn.

“Gbogbo àgbà tí ọmọ wọn kó kúrò lórí òkè yìí nítorí ilé tuntun, èwo lẹ rí tó padà wá?” ni Ìyá bi wá. “Ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Mi ò lọ.”

Inú bí mi. Ìgbà tí òjò bá dé, abọ́ la fi ń gbe omi nínú ilé ọ̀hún! Bíríkìlà tí a pè ló yọ wá. Ó ní a óò to búlọ́ọ̀kù yí ilé amọ̀ ká lóde, a óò kan páànù tuntun lé e, lẹ́yìn náà la óò wó ògiri àtijọ́ láti inú. Ìyá kò ní kúrò níbì kankan.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Àwọn ọlọ́kadà tó ń gbé sìmẹ́ǹtì gun òkè wa ń kùn. Ìyá ń ti ojú fèrèsé na ẹ̀bà sí àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń bi èmi àti àbúrò mi bóyá ọgbà ẹ̀wọ̀n la ń kọ́ fún àwọn. Àbúrò mi, tí ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibi gbogbo, há sáàárín ògiri méjèèjì. Ìyá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn.

Ọjọ́ tí a fẹ́ wó ti inú, ẹ̀rù bà mí. Yàrá Ìyá la fi kẹ́yìn. Bàbá wa olóògbé ló mọ ògiri yẹn, Ìyá ló pọn omi tí wọ́n fi po amọ̀ rẹ̀, Ìyá náà ló fọwọ́ rẹ́ ẹ. Ipa ìka wọn ṣì wà lẹ́yìn ibùsùn.

Bíríkìlà gbé dígà sókè. Ìyá ní kó dúró. Mo rò pé wọ́n ti yí ọkàn padà. Wọ́n mú ọkọ́ nílẹ̀, wọ́n súnmọ́ ògiri, wọ́n sì rọra kúnlẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nígbà tí Bàbá bá ti oko dé.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ni wọ́n wí. “Ẹ ti ṣe tiyín.”

Wọ́n dìde, wọ́n sì fi ọkọ́ ṣá ògiri náà.