Mẹ́mọ́rì Tí Mo Fi Ṣe Èènì

Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo wọ ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Múfú ní Ajah, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Tóyìn, nínú gbogbo ohun tó wà níbí, èwo ló ń bọ́ wa?" Ẹ̀rọ géèmù ńlá tó wà nínú gíláàsì ni mo nawọ́ sí. Òun ló wọ́n jù, mo sì rò pé ibi tí owó pọ̀ sí ni èrè wà. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín títí fìlà wọn fi yẹ̀.

"Ìkòkò lẹ̀rọ yẹn," ni wọ́n wí. "Wọn kì í jẹ ìkòkò. Ohun tí wọ́n ń sè nínú ẹ̀ là ń jẹ."

Wọ́n wá là mí lóye. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ náà lókè òkun pàápàá kì í fi bẹ́ẹ̀ jèrè lórí rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kó kọ́kọ́ wọlé èèyàn ná, kí wọ́n lè máa ta géèmù fún un títí ayé. Àwa náà ní Ajah, iye tí a rà á la fẹ́rẹ̀ẹ́ ń tà á, torí bí a bá gbówó lé e, ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ wa ni oníbàárà máa yà sí. Pádì tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ̀, àwo géèmù àti mẹ́mọ́rì ló ń sanwó ilé. Àpótí pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀rọ kí àyè inú rẹ̀ lè pọ̀ sí i ni mẹ́mọ́rì, òun sì ni ọba gbogbo wọn. Géèmù ayé òde òní ń gba àyè bí ẹni tó kó ẹrù odidi ilé wá sí yàrá kan. Bọ́ọ̀lù kan, ogun méjì mẹ́ta, ẹ̀rọ ti kún.

Oṣù kan ni Ọ̀gá fi máa dán mi wò. Mo nílò iṣẹ́ náà gan-an. Akọ̀wé ni mí tẹ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kọ́lé ní Ìbẹ̀jú-Lekki. Ilé parí, iṣẹ́ mi náà parí. Nítorí náà mo gbààwẹ̀, mo wọ sùtáná funfun mi, mo sì gbé omi àdúrà wá láti wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá dínà mọ́ mi.

"Tóyìn, mo bọ̀wọ̀ fún ìjọ yín, àmọ́ omi ò gbọdọ̀ wọ ibi tí iná wà. Dúró níta kó o gbàdúrà."

Ìta náà ni mo ti gbà á. Bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi tètè ṣiṣẹ́.

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni Màmá Hẹ́dì, Abraham Adésànyà Estate ni wọ́n ń gbé. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n ra ẹ̀rọ lọ́wọ́ wa. Ní Jímọ̀, nígbà tí Ọ̀gá lọ kírun, Màmá padà wá tàwọn ti ìwé tí wọ́n fi ṣe ìṣirò.

"Àyè ẹgbẹ̀rún ni wọ́n kọ sára páálí," ni wọ́n wí. "Mo tan ẹ̀rọ, àyè ẹgbẹ̀rin ó lé díẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ta ló jẹ ìyókù?"

"Màmá, ẹ má bínú. Ẹ̀rọ fúnra ẹ̀ ló ń lò ó láti fi ṣiṣẹ́."

"Ìyẹn ni pé mo ra ilé, onílé ṣì ń gbé yàrá kan níbẹ̀?"

Ohùn tí wọ́n fi ń bá gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́. Oníbàárà méjì tó ń wo pádì gbé e sílẹ̀, wọ́n ń fetí sílẹ̀. Ìyá mi tó ń ta gàrí ní Lakowe ti kọ́ mi pé bí oníbàárà bá fajú ro, kí n yára bu èènì sí i. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, mo mú ohun tó sún mọ́ mi jù. Mẹ́mọ́rì tuntun ni, èyí tó tóbi jù.

"Màmá, ẹ gba èènì yín."

Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ṣàdúrà fún ọkọ tí n kò tíì ní, wọ́n sì lọ. Nígbà tí Ọ̀gá dé tí wọ́n gbọ́, orí páálí ni wọ́n jókòó lé.

"Tóyìn, gàrí ni èènì gàrí. Ta ló ń ta okùn tó ń fi màlúù ṣe èènì?"

"Ẹ jẹ́ kí n lọ gbà á padà, sà."

"Wọ́n ń gba èènì padà ni? O fẹ́ kí gbogbo estate máa bú mi?" Wọ́n ní bí n kò bá tíì tajà tó dí ihò yẹn kí oṣù tó parí, kí n kọrí sí Lakowe. Mo sunkún lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Màmá Hẹ́dì tún wọlé, wọ́n kó ìyá mẹ́rin dání láti estate wọn. Ọ̀gá wà níbi káńtà.

"Ọmọ tí mo sọ fún yín nìyí," ni Màmá wí. "Ẹ̀rọ nìkan lẹ máa sanwó ẹ̀. Á fi mẹ́mọ́rì ṣe èènì fún yín."

Àwọn ìyá wò mí. Ọ̀gá náà wò mí. Bí mo bá fún wọn, ṣọ́ọ̀bù kógbá wọlé. Bí n kò bá fún wọn, oníbàárà mẹ́rin lọ, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Mo kàn béèrè ọ̀rọ̀ kan kí n lè ráyè ronú ni.

"Màmá, kí lẹ ti kó sínú tiyín?"

Wọ́n ṣí báàgì, wọ́n mú mẹ́mọ́rì náà jáde. Wọn kò tíì tú ọ̀rá rẹ̀. "Kí ni mo fẹ́ kó síbẹ̀? Lúdò nìkan lèmi àti Bàbá ń ta."

Ẹ̀rọ tó lè gbé ogun àgbáyé, lúdò ni wọ́n ń fi ta. Lúdò kì í sì í gba àyè rárá. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ò rí i pé mẹ́mọ́rì ò tíì kàn yín? Èènì tiyín nìyí: ọjọ́ tí ẹ̀rọ bá kún, ẹ pè mí. Màá wá sílé, màá bá yín gbá a mọ́, màá pa géèmù tí ẹ ò ta mọ́ rẹ́, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Tí gbígbá ò bá tó mọ́, ẹ wá ra mẹ́mọ́rì nígbà yẹn."

Gbogbo wọn kọjú sí Màmá Hẹ́dì. Màmá rò ó díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ọmọ náà mọ́gbọ́n dání," ni wọ́n wí. "Àmọ́ kí olúkúlùkù ra pádì kún un o. Ẹnì kan kì í dá lúdò ta."

Wọ́n rà á. Èyí tó ní ọmọ púpọ̀ nínú wọn ra mẹ́ta. Lẹ́yìn tí wọ́n lọ, Ọ̀gá nu gíláàsì tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ní, "Lọ́la, tètè dé." Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé bàtà mi.

Gbígbá ẹ̀rọ mọ́ yìí ló sọ mí di èèyàn ní Ajah. Ohun tí mo rí ni pé kò sí ilé tí wọ́n ti ń fohùn ṣọ̀kan lórí géèmù tí a máa pa rẹ́. Bàbá á ní ti ọmọ, ọmọ á ní ti bàbá. Tí n bá fi máa lọ lẹ́ẹ̀kejì, ìyá ilé fúnra rẹ̀ ló máa béèrè iye tí mẹ́mọ́rì jẹ́, kí àlàáfíà lè jọba. Lónìí mo ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Lakowe, Ọ̀gá Múfú ló sì kó ọjà àkọ́kọ́ sí i fún mi. Mo wọ́n omi àdúrà síbẹ̀, àmọ́ ẹnu ọ̀nà ni mo wọ́n ọn sí.

Láìpẹ́ yìí ni Màmá Hẹ́dì pè mí pé ẹ̀rọ àwọn kún. Mo ní irọ́ ni, lúdò kọ́ ló máa kún ẹ̀rọ. Mo débẹ̀, mo tan án. Gbogbo ọjọ́ tí Màmá ti na Bàbá nínú lúdò ni wọ́n ti ní kí ẹ̀rọ ká sí fídíò, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ẹ̀rí ni," ni Màmá wí. "Tí Bàbá bá jí láàárọ̀, wọ́n á ní àwọn ò pàdánù."

"Èwo nínú ẹ̀ ni kí n pa rẹ́, mà?"

"Kò sí."

"Pa gbogbo ẹ̀ rẹ́," ni Bàbá wí láti orí àga wọn.

Màmá fa dúrọ́ọ̀ yọ. Mẹ́mọ́rì èènì mi rèé, tòun tọ̀rá lára. Ọwọ́ mi ni mo fi tú u, mo so ó mọ́ ẹ̀rọ, mo sì kó gbogbo ìyà tó ti jẹ Bàbá sínú rẹ̀.

"Ìyẹn náà máa kún," ni Màmá wí bí wọ́n ṣe ń sìn mí dé géètì. "Tọ́jú òmíràn dè mí."

"Èyí tó kàn, ẹ máa sanwó ẹ̀ o, Màmá."

"Mo mọ̀, màá sanwó," ni wọ́n dáhùn. "Kí ni èènì ẹ̀?"