Igi Àgbọn Tàńtí Mi ní Etí Òkun Kùtọnú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, kí n ròyìn ohun tí àṣejù mi kó mi sí lóṣù tó kọjá. Ojú ń tì mí, àmọ́ n ó sọ ọ́ náà.

Ẹ mọ̀ pé olùkọ́ ìtàn ni mí nítòsí Ìkpìnlè, ẹ sì mọ̀ pé mo fẹ́ràn kí n máa kọ ìtàn sórí Fésìbúùkù. Ẹ máa ń yìn mí, orí mi sì ti wú. Kí n má tàn yín, ó ti wú jù!

Àwa olùkọ́ mélòó kan lọ ṣe fàájì ní Kùtọnú, ní àdúgbò etí òkun tí gbogbo ayé ń dà lọ lópin ọ̀sẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì rèé, ilé ọtí rèé, ẹja yíyan rèé, àwọn ọ̀dọ́ ń ya fọ́tò kiri. Bí mo ṣe délé ni mo kọ ìtàn ibẹ̀. Mo ní láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, iyanrìn àti igi àgbọn lásán ni, títí àwọn olówó fi dé tí wọ́n sọ ọ́ di ibi ìgbádùn.

Ta ló sọ fún mi? Kò sẹ́nì kankan! Mo kàn rò pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí ni. Àwọn èèyàn sì ń tẹ láìkì ṣáá.

Tàńtí mi, àbúrò bàbá mi obìnrin, ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Àjà-Wẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn mísà, ó jókòó ti ìdì ẹyìn kan, ó ń yọ ẹyìn ara rẹ̀ sínú abọ́. Mo ní kí n ka ìtàn mi fún un. Mo kà á tohùn-tohùn.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó ní, "Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, Tàńtí.

"Èmi ńkọ́?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, ká ní ilẹ̀ lanu, ǹ bá wọlé! Mo mọ̀ pé òun àti ọkọ rẹ̀ ti gbé Kùtọnú rí, àmọ́ àárín ìlú ni mo rò. Mi ò bi í rí. Èmi olùkọ́ ìtàn!

Bó ṣe sọ ọ́ rèé. Bíríkìlà lọkọ rẹ̀, ọmọ Oko-Akàrè. Iṣẹ́ ló gbé wọn dé Kùtọnú, wọ́n sì rí ààyè pa àgọ́ sí láàárín àwọn apẹja létí òkun. Àwọn ọkùnrin ń fa àwọ̀n, àwọn ìyàwó ń yan ẹja. Tàńtí ń gbé epo pupa wá láti ọ̀dọ̀ wa níbí, ó ń tà á fún wọn. Nígbà tó yá, àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú ẹní lọ́jọ́ ìsinmi. Ẹnì kan fi imọ̀ àgbọn pa àtíbàbà, ó ń ta ọtí. Ẹlòmíì kọ́lé. Ta ló mọ ògiri ilé náà? Ọkọ Tàńtí ni! Nígbà tí àwọn onílẹ̀ ta ilẹ̀ ọ̀hún, Tàńtí àti ọkọ rẹ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n padà sílé.

Etí òkun yẹn ni Tàńtí bí ọmọ kan ṣoṣo tó bí sí. Nígbà tí ìwọ́ ọmọ já, bàbá rẹ̀ sin ín sẹ́yìn àgọ́, ó gbin àgbọn lé e. Ọmọ náà lo ọdún mẹ́ta, ibà mú un lọ. Wọn ò ya fọ́tò rẹ̀ rí. Tàńtí ní igi yẹn nìkan ló kù tó mọ̀ pé ọmọ òun wá sáyé.

Kò pariwo mọ́ mi. Ká ní ó pariwo, ìbá sàn fún mi! Ó kàn ní kí n mú òun lọ wò ó bóyá igi náà ṣì wà.

Sátidé, a wọ tákísì dé Àjàṣẹ́, a tún wọ òmíràn dé Kùtọnú, alùpùpù méjì ló gbé wa débẹ̀. Tàńtí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní òkun dà? Ògiri ti bò ó! A rìn títí, orúnkún ń dùn ún, kó tó dúró níwájú ilé ọtí kan, ó ní ibẹ̀ ni àgọ́ àwọn wà.

Ọ̀gbẹ́ni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní a ò lè wọlé àfi tá a bá ra nǹkan mímu. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í da Faransé bò ó. Tàńtí ní kí n dákẹ́, ó bá a sọ èdè Ègùn tó kọ́ lọ́dọ̀ àwọn apẹja, jẹ́jẹ́. Ọkùnrin náà ṣílẹ̀kùn, ó tún di apá Tàńtí mú wọlé.

Àwọn igi àgbọn tò lọ, wọ́n fi ọ̀dà funfun kun ìdí wọn. Kànga tí àwọn apẹja ń pọn omi nínú rẹ̀ láyé àtijọ́ wà níbẹ̀, wọ́n ti fi sìmẹ́ǹtì bò ó, wọ́n gbé tábìlì lé e. Tàńtí ka ìṣísẹ̀ méje láti ibẹ̀ síhà òkun. Igi méjì ló wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èwo ni tirẹ̀? Kò mọ̀ ọ́n!

Ó wá ní, "Kò burú. N ó kí àwọn méjèèjì."

Ó fọwọ́ kan èyí, ó bá a sọ̀rọ̀. Ó lọ bá ìkejì, ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà fún un. Mo sunkún o, mi ò lè parọ́.

Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ ya fọ́tò níbẹ̀ ti ń bínú pé a pẹ́. Ọ̀gbẹ́ni ẹnu ọ̀nà lọ ṣàlàyé fún un. Ló bá wá, ó kúnlẹ̀ kí Tàńtí, ó béèrè orúkọ ọmọ náà.

"Àbẹ̀kẹ́," ni Tàńtí wí.

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ! Ẹ̀gbọ́n mi ni Àbẹ̀kẹ́ ìbá jẹ́, àlejò ló sì béèrè orúkọ rẹ̀, kì í ṣe èmi. Ọmọbìnrin náà ní kí Tàńtí dúró sáàárín igi méjèèjì, ó ya fọ́tò rẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí fóònù mi. Nínú tákísì, Tàńtí ò gbé ojú kúrò lára rẹ̀. Ó ní, "Fọ́tò wa rèé."

Mo ti pa ìtàn tí mo kọ́kọ́ kọ rẹ́. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé ká tó kọ ọ́ pé ibì kan ṣófo, ká kọ́kọ́ bi àwọn tó wà nínú ilé wa.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló wà nílé yín tí ẹ ò tíì bi pé ibo ló gbé rí, ta ló sì fi sílẹ̀ níbẹ̀? Ẹ lọ bi í, kí ẹ wá kọ ọ́ síbí. Tàńtí ní kí n máa ka gbogbo rẹ̀ sí òun létí, pé tí n bá kan orúkọ ọmọ kankan, kí n kà á lẹ́ẹ̀mejì.