Ìkórè tí Mojísọ́lá Fi Gìtá Sunkún

Ẹnì kan ń kọ́ gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn ilé mi ní Ọ̀rẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti ń gun ohùn bí ẹni ń gun àtẹ̀gùn. Tó bá kù díẹ̀ kó dé òkè, ìka rẹ̀ a yọ̀, a sì padà sílẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí Bìní a bú ramúramù kọjá, a bò ó mọ́lẹ̀. Tọ́kọ̀ bá lọ tán, a tún bẹ̀rẹ̀. Oorun ọ̀sán ni mo fẹ́ sùn. Ó ti rẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti dé Òdìgbó, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Tíṣà, níbi tí èmi àti Mojísọ́lá ọmọ rẹ̀ ti kọ́ ohun kan náà.

Ayé ológun ni. Ọṣẹ, mílíìkì, ṣúgà, ìlà la ń tò ká tó rí wọn rà. Owó oṣù àwọn tíṣà dà bí òjò inú ọ̀gbẹlẹ̀: a óò rí i tó ṣú, kò ní í rọ̀. Tá a bá jáde nílé ìwé, àárín kòkó tí wọ́n sá síwájú ilé la máa ń gbà lọ, òórùn rẹ̀ á rọ̀ mọ́ aṣọ wa. Tíṣà ló ń darí ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Gìtá rẹ̀ ti gbó. Nígbà tí okùn kan já tí kò sí òmíràn láti rà, wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi rọ́pò rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì dà bíi ti ewúrẹ́ tí wọ́n fẹsẹ̀ tẹ̀. Mojí á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ọmọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ẹ̀rín rẹ̀ sì máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ìka ni kí ẹ fi ka àwọn irin tó dábùú ọrùn rẹ̀," Tíṣà á wí. Tá a bá gbéra láti dò, a ó fo irin kan ká tó tẹ èyí tó tẹ̀ lé e, àyàfi láàárín mí àti fá, àti láàárín tí àti dó òkè. Níbẹ̀, irin méjì tó fara kanra la ń tẹ̀. Ìyẹn ni àtẹ̀gùn tí wọ́n ń pè ní méjọ̀. Mojí ti mọ̀ ọ́n kí n tó mọ ibi tó yẹ kí àtàǹpàkò mi wà.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà gba gìtá lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dá ohùn kẹta padà sẹ́yìn ní irin kan, ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkẹfà àti ìkeje, ó sì tún gun àtẹ̀gùn náà. Àfi bíi pé òjò ṣú. Ìyá Mojí, tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, dá ọ̀bẹ dúró.

"Bàbá Mojí, ta ló kú?"

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. "Máínọ̀ ni wọ́n ń pè é," Tíṣà dá a lóhùn.

Nígbà tí ìkórè ọdún náà ń sún mọ́lé, àìsàn gbé ìyá Mojí ṣánlẹ̀. Wọ́n gbé e dé ọsibítù, kò sí oògùn. Wọ́n ní kí Tíṣà lọ wá abẹ́rẹ́ wá láti ìta. Ó ń wá a kiri Ọ̀rẹ̀ nígbà tí obìnrin náà dákẹ́. Mojí ò sunkún lójú wa. Ó kàn dẹ́kun ẹ̀rín ni.

Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn àgbẹ̀ ru iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti kòkó wá síwájú pẹpẹ. Mojí ló máa lu orin ọpẹ́ tá a ti ń fi dánra wò tipẹ́. Ó gbé gìtá lé orókún, ó bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ ibi tí ìka rẹ̀ ti padà sẹ́yìn. Orin yẹn náà ni, ṣùgbọ́n máínọ̀ ló fi lù ú. Ijó dúró. Àwọn ọkùnrin ń wo ara wọn. Nígbà tó yá, ìyá arúgbó kan tó ti sin ọmọ lọ́dún náà bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ jẹ́jẹ́. Àwọn obìnrin yòókù tẹ̀ lé e, kò sì pẹ́ tí gbogbo ilé fi ń sunkún, bí ẹni pé wọ́n ti ń wá àyè rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

Bàbá Ìjọ dìde. "Tíṣà, ṣé ìkórè la wá ṣe, àbí ìsìnkú?"

"Ẹ má bínú, Bàbá," Tíṣà dáhùn. Ojú rẹ̀ pọ́n. "Ọmọ náà ò ṣì í lù. Ohun tó ní ló mú wá."

Bàbá Ìjọ rọra jókòó.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, Tíṣà wà lára àwọn tí ìjọba dá dúró lẹ́nu iṣẹ́. Òun àti Mojí kẹ́rù, wọ́n forí lé Warri, sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo sìn wọ́n dé gáréèjì Ọ̀rẹ̀. Àwọn sójà ń tú ẹrù èrò wò, àwọn agbèrò ń pariwo. Mojí ti fi ìró ìyá rẹ̀ di gìtá náà, ó gbá a mọ́ àyà. Ó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé ọkọ̀.

"Máa fi ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ́ ọ títí wàá fi rí gìtá."

Mo fi ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì kọ́ ọ títí mo fi lọ sílé ọkọ. Gìtá ò dé. Mi ò sì gbúròó Mojí mọ́.

Ọmọ-ọmọ mi ti bá mi wá orúkọ rẹ̀ lórí fóònù. Mojísọ́lá pọ̀ bí ewé, kò sí èyí tó jọ ọ́. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Òdìgbó ti ra kíbọ́ọ̀dù àti sípíkà ńláńlá tó ń mi ògiri, orin ìkórè sì yá ju ti àtijọ́ lọ. Ọdọọdún ni mò ń lọ. Ọdọọdún náà ni mo sì ń rí ẹnì kan láàárín àwọn tó ń jó, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbé, tí ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ohun tó ní lòun náà mú wá, bíi ti Mojí. Tó bá ti jókòó, màá dìde níbi tí mo wà, màá lọ jókòó tì í.