Kóòtù Òtútù Tó Gba Èèyàn Mẹ́rin

Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo ti rán kóòtù òtútù kan rí tó gba èèyàn mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe agbádá o. Kóòtù gidi ni, tó ní kọ́là, tó ní bọ́tìnnì níwájú. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wọ̀ ọ́ ní Old Kent Road, wọ́n gun bọ́ọ̀sì pẹ̀lú tíkẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan, awakọ̀ sì kí wọn bí ẹni ń kí ẹnì kan ṣoṣo, nítorí orí kan ló rí. Àwọn mẹ́ta tó kù ń mí jẹ́jẹ́ nínú aṣọ. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó lọ bi awakọ̀ náà. Ó ti kú, àmọ́ kó lọ bi í.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí ni mo fi ń pa àwọn oníbàárà lẹ́rìn-ín ní Peckham, nílùú òyìnbó níbí, láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú. Mi ò ka ìwé mẹ́fà tán tí wọ́n fi mú mi lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀, nítorí náà ẹnu ni mo fi ń ṣe ohun tí àwọn ẹlòmíì ń fi kálàmù ṣe.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ṣiṣẹ́ wà lẹ́bàá Rye Lane, láàárín ibi tí wọ́n ti ń dirun àti ibi tí wọ́n ti ń ta iṣu pẹ̀lú ẹja gbígbẹ. Kì í ṣe èmi ni mo dá a sílẹ̀. Júù kan ló ni ín, bàbá kúkúrú kan tó ti Póláǹdì wá nígbà tó wà lọ́mọdé. Òun ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, tí mò ń gbé ní North Peckham Estate kí wọ́n tó wó o. Gbogbo àwọn télọ̀ tó kù tí mo lọ bá, ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń béèrè. Òun ju ṣòkòtò kan sí mi, ó ní kí n tú ìdí rẹ̀, kí n tún un rán. Nígbà tí mo parí, ó wò ó títí, ó fa imú rẹ̀ tó tóbi, ó ní kí n padà wá lọ́la.

Lára òpó ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, lápá ọ̀tún, wọ́n kan nǹkan kékeré kan mọ́ ọn, irin gbọọrọ bí ìka ọwọ́, tó dagun sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọ̀gá mi bá ń wọlé láàárọ̀, á fi ìka kàn án, á sì fi ìka náà kan ẹnu. Èmi ọmọ Mùsùlùmí, ta ló tún fẹ́ ṣàlàyé fún mi? Tíírà ni. Nílé wa, bàbá mi so tirẹ̀ kọ́ sókè ẹnu ọ̀nà, wọ́n fi awọ rán an pọ̀, a kì í fọwọ́ pa á lára. Mo ní ó dáa bẹ́ẹ̀, àwọn Júù náà ní áfà tiwọn. Bí ọjà bá ti yá, èmi náà á yọ́ fi ìka kàn án kí n tó lọ sílé.

Nígbà tí ojú ọ̀gá mi ò lè ki okùn bọ abẹ́rẹ́ mọ́, ó fa ṣọ́ọ̀bù lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ tó kó ẹrù rẹ̀ jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó gbé ọwọ́ lé irin náà.

Ó ní, “Má yọ ọ́. Ọmọ mi obìnrin ń bọ̀ wá mú un. Òun nìkan ni kó o fún.”

Ọmọ kan ṣoṣo tó bí nìyẹn, wọn ò sì bá ara wọn sọ̀rọ̀. Mi ò mọ ohun tó fà á, kì í ṣe ohun tí mo lè bi ọ̀gá mi. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ọ̀gá mi kú. Ọmọ náà ò wá.

Mo dúró dè é. Bí mo bá ń kun òpó ilẹ̀kùn, mo ń kun ún yí irin náà ká ni, kó má baà di pé mo bò ó mọ́lẹ̀. Áfà kan láti mọ́ṣáláṣí wa wá gba ṣòkòtò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó rí i, ó ní kí n yọ ẹbọ yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn mi. Mo ní, “Áfà, wọ́n fi síkàáwọ́ mi ni. Ṣé ẹ fẹ́ kí n jí i ni?” Ó gba ṣòkòtò rẹ̀, ó sanwó. Àmọ́ kò gbé ṣòkòtò wá fún mi mọ́.

Láìpẹ́ yìí ni onílé ránṣẹ́ pé òun fẹ́ wó gbogbo ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀bù wa, kí òun fi kọ́ fúláàtì. A ò tíì parí ìjà yẹn tí àwọn kan fi yọjú, ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbé ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀, àti ọkùnrin onírùngbọ̀n kan. Wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni láti máa kó ohun àjogúnbá àwọn Júù jọ káàkiri Yúróòpù kó má baà parẹ́, kí àwọn sì máa fi han aráyé láti ìlú kan sí ìkejì: ilẹ̀kùn, orin, oúnjẹ, òkúta ibojì. Wọ́n rí irin ara òpó mi, ojú wọn tàn bí ẹni rí wúrà.

Wọ́n bi mí ní ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀. Mo ní tíírà ni, ó máa ń fa oníbàárà. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní mẹsúsà ni wọ́n ń pè é, pé ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ni wọ́n kọ sára awọ ẹran, pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ni, tí wọ́n wá ká a sínú irin kó máa ṣọ́ ilé. Mo ní kí ló wá yàtọ̀ sí tíírà? Ó tún rẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa bá ìtàn lọ.

Mo bá a lọ. Mo sọ ti kóòtù ẹlẹ́ni mẹ́rin fún wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Nígbà tí mo rí i pé ara wọn ti balẹ̀, mo wá sọ ti ọjọ́ Jímọ̀ kan láàárín èmi àti ọ̀gá mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa kì í gùn. Èmi á lọ kírun lọ́sàn-án, ọ̀gá mi á kúrò kí oòrùn tó wọ̀ nítorí ọjọ́ ìsinmi wọn. Jímọ̀ kan nígbà òtútù, mo ti kírun dé, ìyá kan láti estate wa gbé kóòtù ọmọ rẹ̀ wá. Ẹ mọ bí àwọn ìyá wa ṣe ń rajà: ó ra èyí tó tóbi, kí ọmọ lè dàgbà sínú rẹ̀. Apá rẹ̀ gùn ju ọwọ́ ọmọ lọ. Ó ní kí n gé e. Mo ti gbé àlùmọ́gàjí lé e kí ọ̀gá mi tó já kóòtù náà gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Má gé e. Ṣẹ́ ẹ sínú.”

Nígbà tí obìnrin náà lọ tán, ó yẹ kí ọ̀gá mi máa múra ilé. Kò múra. Ó jókòó ti hítà, ó sì sọ fún mi. Kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àwọn tó fẹ́ pa àwọn Júù run ti sún mọ́ tòsí, àwọn aláàánú kan ń kó àwọn ọmọdé Júù díẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin wá sí ìlú yìí. Àyè ẹnì kan ni ìyá rẹ̀ rí gbà, òun ni wọ́n fi sí i. Ìyá rẹ̀ rán kóòtù ńlá kan fún un, ó ṣẹ́ apá rẹ̀ sínú lọ́nà mẹ́ta, ó ní bó bá ti ń ga kó máa tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé kó tó tú èyí tó kẹ́yìn, òun ìyá àti àwọn àbúrò ọ̀gá mi obìnrin méjèèjì á ti dé bá a. Ó tú ti àkọ́kọ́ nílé àwọn tó gbà á tọ́. Ó tú ìkejì. Nígbà tó fi máa tú èyí tó kẹ́yìn, ogun ti parí, wọ́n sì ti sọ fún un pé kò sẹ́ni tó kù.

Ó wá ń sunkún, láìpariwo, bí omi ṣe ń jò lára páìpù. Èmi ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Ohun tó bọ́ sí mi lẹ́nu ni pé èmi ti rán kóòtù kan rí tó gba èèyàn mẹ́rin. Mo fi ti bọ́ọ̀sì kún un, mo fi ti awakọ̀ kún un. Ọ̀gá mi wò mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Ó wá nu ojú, ó ní, “Ká ní ìwọ ni télọ̀ ìyá mi.”

Gbogbo èyí ni mo sọ sínú ẹ̀rọ wọn. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní kí n jẹ́ kí àwọn gbé mẹsúsà náà lọ. Mo kọ̀. Mo ní ó ní ẹni tó ni ín. Wọ́n ní àwọn á wá ọmọ ọ̀gá mi náà rí, àwọn á pè é wá síbi ìpàtẹ tí àwọn fẹ́ ṣe. Ọmọ mi obìnrin, tí wọ́n bí síbí, dá sí i: “Daddy, wọ́n máa wó building yẹn anyway. Ẹ kàn fún wọn jàre, wọ́n á tọ́jú ẹ̀ jù yín lọ.” Mo fún wọn. Ẹnu ara mi ni mo fi ní kí wọ́n máa mú un lọ.

Nígbà tí ìpàtẹ bẹ̀rẹ̀, ọmọ mi mú mi lọ. Wọ́n ti bó ọ̀dà tó ta sí i lára, wọ́n gbé e sínú àpótí gíláàsì, iná ń tàn sí i. Ọmọ mi ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ fún mi: mẹsúsà, láti ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti pa tì ní Peckham. Mo ní kó tún un kà. Ó tún un kà. Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti pa tì. Èmi tí mò ń gbá iwájú rẹ̀ láràárọ̀, tí ẹ̀yìn mi tẹ̀ sórí máṣíìnì ibẹ̀, ibo ni mo wà nígbà tí wọ́n ń pa á tì?

Nǹkan tí wọ́n ń kì bọ etí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ki ọ̀kan bọ etí tèmi. Ohùn mi ni: kóòtù, bọ́ọ̀sì, awakọ̀. Ó tán síbẹ̀. Ìyá ò sí níbẹ̀, àbúrò ò sí níbẹ̀, apá tí wọ́n ṣẹ́ sínú ò sí níbẹ̀. Mo pe ọ̀dọ́bìnrin náà. Ó ní ẹ̀kún ti pọ̀ jù nínú àwọn yàrá yòókù, àwọn fẹ́ kí ti Peckham pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́. Òótọ́ wà lọ́wọ́ wọn, irọ́ wà lọ́wọ́ wọn, irọ́ ni wọ́n gbé sábẹ́ iná.

Ibẹ̀ ni mo wà tí ìyá arúgbó kan fi ọ̀pá wọlé. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún mi. Imú ọ̀gá mi ló gbé wá. Ó ki nǹkan náà bọ etí, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. Mo lọ bá a, mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo ní ọ̀rọ̀ yẹn pa bàbá rẹ̀ lẹ́rìn-ín rí.

Ó ní, “Bàbá mi rẹ́rìn-ín sí ìyẹn? Mi ò rí eyín bàbá mi rí.”

Mo sọ fún un pé bàbá rẹ̀ ní kí n fi irin náà pa mọ́ dè é, pé èmi ni mo gbé e fún àwọn wọ̀nyí. Ó yíjú sí ọkùnrin onírùngbọ̀n náà, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó fún òun. Ọkùnrin náà rọra dá a lóhùn pé ó ti di ti gbogbo ayé, pé ìlú mìíràn ló kàn. Ìyá náà na ìka sí àpótí náà. Síkúrítì ní kó jọ̀ọ́, kó má fọwọ́ kan gíláàsì.

Ó jókòó. Ó bi mí pé kí ló tiẹ̀ fa ọ̀rọ̀ kóòtù. Mo sọ ọ́ fún un bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín yìí, láti orí àlùmọ́gàjí títí dórí ogun. Kò sunkún. Ó ń wo ọwọ́ aṣọ ara rẹ̀.

Ó ní, “Ó máa ń ra aṣọ tó tóbi jù fún mi. Títí mo fi di ọmọge. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Mo ní ahun ni. Mo sọ ọ́ sí i lójú kí n tó kúrò nílé.”

Ó tún bi mí pé, kóòtù yẹn ńkọ́, ṣé mo rán an rí lóòótọ́?

Mo ní rárá. Ohun tí mo sọ fún un náà ni mò ń sọ fún yín: irọ́ ni kóòtù, irọ́ ni bọ́ọ̀sì, kò sí awakọ̀ kankan tó kú. Mo hun ún lójijì ní ọjọ́ Jímọ̀ yẹn nítorí mi ò lè jókòó wo àgbà tó ń sunkún. Gbogbo èyí tó kù ló ṣẹlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rán kóòtù tó gba èèyàn mẹ́rin rí. Ẹnì kan ṣoṣo ló wọ ọkọ̀ ojú irin.